Ilé Jímọ̀ Tí Mo Pa Rẹ́ Létí Odò

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti bá mi. Èmi Adéòkè, ọmọ Ìyàgbà, olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìntì sí Adankolo, èmi ni mo pa ilé kan rẹ́ ní Lọ́kọ́ja. N kò lo iná. Máàpù ni mo fi pa á rẹ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo máàpù àtijọ́, kí n lè mọ bí òyìnbó ṣe sọ etí Odò Ọya di èbúté. Màá tẹ́ ọ̀kan lé èkejì lójú fèrèsé tó kọjú sí Òkè Pátì, kí ìmọ́lẹ̀ lè là wọ́n já. Ní kíláàsì, mo máa ń fi àwọn tó yà wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ kì í ya ilé sórí rẹ̀." Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Àṣé ara mi ni mò ń bú.

Mo kọ ìwé kan, wọ́n sì yìn mí títí orí mi fi wú. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé àbàtà lásán ni etí odò nísàlẹ̀ àdúgbò Paparanda kí òyìnbó tó kọ́ èbúté. Ìwé ti jáde tán kí n tó rí máàpù kan tó ti pẹ́ ju gbogbo èyí tí mo lò lọ. Ilé wà níbẹ̀! Òyìnbó tó yà á tilẹ̀ kọ orúkọ onílé sí i: Jímọ̀. Mo ká a, mo tì í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Ìgbéraga ni, kì í ṣe nǹkan mìíràn.

Jímọ̀ yìí ni baba bàbá Ìyá Àdìjátù, arúgbó kan tí àwọn èèyàn rẹ̀ ti Ìlọrin wá ṣòwò. Ilé náà ló ń gbé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kọ́ èbúté tuntun, wọ́n ní ìdílé tó bá ti wà níbẹ̀ ṣáájú èbúté òyìnbó nìkan ni àwọn ò ní lé. Wọ́n pe èmi ọ̀mọ̀wé kí n wá jẹ́rìí. Mo fi máàpù àtijọ́ náà han Ọláníyì, akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí ìjọba ní kó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kí ayé gbọ́ pé irọ́ ni ìwé yín? Ẹ dá a padà síbi tó wà." Mo sì dá a padà.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, máàpù tó ṣófo nìkan ni mo tẹ́ sórí tábìlì. Ìyá Àdìjátù, tí ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, sún mọ́ mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo mọ bébà. Bá mi fi ìka lé ilé wa." Ẹ gbọ́ o, ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti burú jù. Mo di ìka rẹ̀ mú, mo gbé e lé ibi tí ilé wọn wà gan-an, níbi tí bébà ti funfun. Mo ní, "Ìyá, ibi tí ẹ ń wí nìyí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Kò sí nǹkan kan kẹ̀? Bàbá mi ńkọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká máàpù náà. Ìyá ní, "Ó dáa. Ìwọ tó kàwé lo mọ̀." Ìkà wo ló tún ju èmi lọ?

Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n kó kúrò; lọ́sẹ̀ tó kọjá, katakata dé etí odò, ó wó ilé náà, ó sì hú sàréè tó wà níbẹ̀. Mo lọ wò ó. Mo bá Ìyá Àdìjátù níbi tó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀, tí òun àti Nímátù, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ń ṣa egungun bàbá rẹ̀ sínú rẹ̀. Kò bú mi. Ó ní, "Tíṣà, wá bá wa wò ó, ojú tìrẹ dáa ju tèmi lọ. Má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀kan ṣẹ́kù." Mo kúnlẹ̀, mo ń ṣà á, ẹkún ò sì jẹ́ kí n ríran.

Mo ti gbé máàpù tí mo fi pa mọ́ sínú àpótí fún agbẹjọ́rò ìdílé Ìyá Àdìjátù. N óò sọ ohun tí mo sọ yìí níwájú adájọ́, ìwé mi ì báà di ohun ìdáná. Ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́, ẹ máa bi ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ léèrè kí ẹ tó gba bébà gbọ́. Ìyá Àdìjátù, mo mọ̀ pé ẹ láàánú, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi fẹ́ forí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì forí jì mí. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ yín padà sọ́wọ́ yín, kí bàbá yín sì padà sílé ná.