Mo Ní Ó Jí Káàdì Mi

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni wọ́n sin Alfa, bàbá Sìkírá ọ̀rẹ́ mi. Gbogbo ènìyàn ń sunkún, èmi náà ń sunkún, àwọn tó rí mi sì ń bá mi kẹ́dùn, wọ́n ní mo mà fẹ́ràn bàbá náà o. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀bi ara mi ló ń pa mí lẹ́kún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ má tíì bú mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Tí mo bá sọ ọ́ tán tí ẹ wá fẹ́ bú mi, mo gbà. Ọdún méje ni mo fi gbé e sínú. Ọkọ mi ò gbọ́ ọ, ìyá tó bí mi ò gbọ́ ọ. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, tí ọmọ kan bá dìde ní kíláàsì tó ní, "Àǹtí, wọ́n ti jí bírò mi," lójú mi, á dà bí ẹni pé èmi ni ọmọ náà ń nàka sí.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nílùú Ìwó níbí ni èmi àti Sìkírá ti pàdé. Èmi, ọmọ Ilé-Ogbó ni mí, mo gba yàrá kan sí ẹ̀yìn ọgbà ilé-ìwé. Òun ní tirẹ̀, ọmọ Ìwó gan-an ni, láti agboolé wọn ló ti máa ń wá. Bàbá rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń mú ọmọ lọ bá kí wọ́n lè kọ́ wọn ní kéú. A wà ní ọdún kejì nígbà tí àwọn aláṣẹ gbé òfin tuntun jáde pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ láìbírì mọ́ láìfi káàdì ìdánimọ̀ hàn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn ará ìta ló ń wọlé wá ya ojú ewé inú ìwé lọ. Òfin náà dáa, mi ò ní kò dáa. Ṣùgbọ́n wọ́n ní nínú pásípọ́ọ̀tì tí a máa lẹ̀ mọ́ káàdì náà, etí méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn, a ò sì gbọ́dọ̀ bo orí. Èmi lọ sọ́dọ̀ fọtogíráfà, mo tú ìbòrí mi, ó yà mí, ó parí. Sìkírá délé sọ fún bàbá rẹ̀, ni Alfa bá fárí gá. Wọ́n ní, "Ṣé ọkùnrin kọ́ ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn? Àwòrán orí ọmọ mi kò ní wà níbi tí ọkùnrin kan á ti máa gbà á wò lójoojúmọ́." Sìkírá kọ lẹ́tà sí ilé-ìwé pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ya tòun pẹ̀lú ìbòrí, kí etí ṣáà hàn. Wọn ò tètè fèsì. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, inú láìbírì yẹn nìkan ni ìwé tí a máa kà wà, wọn kì í sì í jẹ́ ká gbé e jáde.

Èmi ni mo dá ọgbọ́n yẹn o, kì í ṣe òun. Mo ní kó máa gba káàdì mi. Tí mo bá kàwé tèmi tán lọ́sàn-án, mo máa jáde, mo máa fún un lábẹ́ igi máńgòrò, òun náà á fi wọlé. Bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kì í tẹjú mọ́ obìnrin tí kì í ṣe tiwọn. Káàdì ni wọ́n máa ń wò, wọn kì í gbójú sókè, wọ́n á kàn ní, "Wọlé, ìyá mi." Sìkírá ní, "Ṣé kò ní dá wàhálà sílẹ̀ báyìí?" Mo ní, "Ojo ẹ ti pọ̀ jù! Ta ló fẹ́ mọ̀?" A rẹ́rìn-ín sí i. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń wọlé, tó ń jáde, tí ẹnì kan ò bi í ní nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ara bàbá náà ò yá. Ìyáàfin tó jẹ́ ọ̀gá láìbírì ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àwọn sì ń wo ojú. Mo ní pélé lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Sìkírá ń dán ni. Wọ́n wo káàdì, wọ́n wo ọmọ, wọ́n ní, "Ilà ojú ẹ dà?" Kíá ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ìkéde wà lára ògiri lẹ́yìn wọn pé ẹni tó yá ènìyàn ní káàdì àti ẹni tó yá a, àwọn méjèèjì ni wọ́n máa lé. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo fún un?" Ẹnu mi yìí, ẹnu tí mo fi ń kírun, ni mo fi sọ pé, "Rárá o, mà. Láti ìgbà tí mo ti jáde ni mo ti ń wá a. Inú báàgì mi ló ti mú un."

Sìkírá yíjú sí mi. Kò pariwo, kò bú mi. Wọ́n bi í bóyá lóòótọ́ ló jí i, ó kàn ní, "Ẹ tún bi í wò, mà." Wọ́n tún bi mí. Mo tún un sọ. Kò bá mi jiyàn. Nígbà tí a dé iwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fọwọ́ sí i. Wọ́n lé e, wọ́n lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ pátákó pé ó jí káàdì. Èmi sì jókòó, mo ṣe ìdánwò mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù. Lọ́sẹ̀ kejì, Alfa wá sí yàrá mi. Mo kúnlẹ̀, àwọn náà ṣí fìlà, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún mi. Fún èmi! Mo dì mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Wọn kì í jalè nílé wa. Mi ò mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Dárí jì mí." Kí ni mo sọ? Mo ní, "Ó ti tán, bàbá." Ó ti tán! Irú ẹnu wo ni Ọlọ́run fún mi yìí? Wọ́n ṣàdúrà fún mi pé màá ṣe oríire. Mo ṣàmín.

Mo ní tí mo bá ti parí ilé-ìwé, màá lọ sọ òótọ́. Mo parí. Mo ní tí mo bá ríṣẹ́. Mo ríṣẹ́. Mo ní tí mo bá lọ́kọ. Wọ́n gbé mi wọlé ọkọ nínú Ìwó yìí kan náà, mo sì ń kí Alfa lójú ọ̀nà, wọ́n ń pè mí lọ́mọ rere. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi lọ.

Lọ́jọ́ Ajé mo lọ bá Sìkírá. Ìlú Kuta ló wà nílé ọkọ, iṣẹ́ aṣọ rírán ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nílé bàbá rẹ̀ nítorí òkú. Mo kúnlẹ̀, mo sunkún, mo bẹ̀bẹ̀. Ó gbé mi dìde. Ó ní, "Bàbá mi ní tí n kò bá jí i, kí n dárúkọ ẹni tó fún mi. Mi ò dárúkọ ẹ, kí ilé-ìwé má baà lé ìwọ náà. Mo ní tí o bá ti ṣe tán, ìwọ fúnra ẹ á wá sọ fún wọn. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti wọ yàrá bàbá mi, wọ́n á dìde, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ ti àpótí wọn. Wọn ò bú mi rí o. Wọ́n á tì í, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí àìsàn wá dá wọn gúnlẹ̀, tí mo wá tọ́jú wọn, wọ́n ní kí àbúrò mi bá àwọn tì í. Mo ti dárí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa lọ sọ fún bàbá mi?"

Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Gbogbo alfa máa wà níbẹ̀, gbogbo ẹbí máa wà níbẹ̀, ọkọ mi náà á jókòó láàárín wọn. Ṣé kí n dìde kí n sọ ọ́ lójú gbogbo ayé ni? Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún ọkọ mi? Tí wọ́n bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ńkọ́? Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá, nítorí lẹ́yìn àdúrà náà ni wọ́n máa pín ẹrù Alfa. Sìkírá ti kó ẹní rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní òun ò ní fẹsẹ̀ kan yàrá bàbá òun títí wọ́n á fi pín in tán, kí ẹnì kan má baà wá nǹkan kan tì, kó wá nàka sí òun.