Wọ́n Gba Agogo Lọ́wọ́ Ọmọ Mi

Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ tí ẹ ń rán ò ní sá lọ, èmi ni mo fẹ́ sá kúrò láàárín èèyàn, torí ohun tójú mi rí nílé ìwé àwọn ọmọ láàárọ̀ yìí, mi ò gbàdúrà kójú ẹnikẹ́ni rí i. Rárá, mi ò ní jókòó. Tí mo bá jókòó, ẹkún ni màá sun, àwọn oníbàárà yín á sì wọlé bá mi níbẹ̀.

Ọmọ mi àgbà, Ìyá Kékeré yín, wọ́n gba agogo lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ ti gbọ́? Ta ló sọ fún yín? Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni, mo mọ̀, àbúrò ẹ̀ yẹn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó, nínú gbogbo ọmọ ilé ìwé yẹn, ọmọ ọdún mọ́kànlá yìí ni wọ́n yàn pé kó máa lu agogo àárọ̀, láago méje ààbọ̀ géérégé, ẹ̀yin náà lẹ rán aṣọ pupa tó fi ń wé ọwọ́ agogo náà kó má baà máa bó o láwọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló máa ń lù ú, á dákẹ́ díẹ̀, á tún lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó gbà á, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń gbé níwájú ilé wa ló ń bá lọ, ìyá ọmọ yẹn ló ń mú wọn sọdá títì, mo máa ń gbọ́ agogo náà láti inú yàrá mi. Ìgbà tí àwọn yẹn kó lọ, tó di èmi, ó di ọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni wọ́n gbà á, wọ́n gbé e fún ọmọkùnrin kan, wọ́n ní alágogo kì í pẹ́ dé.

Láàárọ̀ yìí, orí àtẹ̀gùn ilé wa la ṣì wà tí agogo fi dún. Gbà-gbà-gbà lásán, kò ní ìdánudúró kankan. Ọmọ mi dúró, ó gbé báàgì ẹ̀ sókè dáadáa léjìká.

Mo wá gbára dì. Mo ní ojú ọ̀gá ilé ìwé yẹn á rí màbo lónìí. Bí mo ṣe dé ọ́fíìsì ẹ̀, mi ò tiẹ̀ jẹ́ kó kí mi tán, mo ní, ṣé ẹ mọ ohun tójú mi ń rí kí àwọn ọmọ wọ̀nyí tó kúrò nílé? Bàbá wọn awakọ̀, aago mẹ́rin àárọ̀ ló ti ń jáde, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, láti aago mẹ́fà ni mo ti ń pariwo, ẹ dìde, ẹ lọ wẹ̀, ẹ fọ eyín yín, bàtà dà, ìwé dà, ọ̀fun mi ti ha. Mo ní ọmọ òde òní ò mọ̀ pé aago ń lọ. Mo ní ẹsẹ̀ wọn wúwo, mo ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Àbí ẹ ò rí mi? Ọmọ tí mo lọ gbèjà ẹ̀, èmi ni mo ń bú u níbẹ̀.

Obìnrin yẹn ò bá mi jiyàn. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó gbọ́ mi tán, ó jáde lọ sẹ́nu géètì, ó gbé ìwé ńlá kan wá, ìwé tí àwọn apẹ́lẹ́yìn ń kọ orúkọ sí, orúkọ, aago tí wọ́n dé, àti ohun tó fà á. Ó ṣí i síwájú mi, ó ní, "Ẹ máa kà á, mà, mo ń bọ̀," ó sì fi èmi àti ìwé sílẹ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe èèyàn nìyẹn? Kó bú mi ká jọ bú ara wa, ṣé kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni?

Ti Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. "Màmá wa ń wá kọ́kọ́rọ́ wọn." Ọjọ́ kejì, "Màmá wa padà lọ wò ó bóyá wọ́n ti pa áyọ́ọ̀nù." Ọjọ́ kẹta, "Màmá wa pààrọ̀ bàtà, wọ́n wá ní báàgì ò bá bàtà mu mọ́." Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó ti sú u, ó kàn kọ ọ́ pé, "Kọ́kọ́rọ́. Ẹ wo ti ọjọ́ Ajé." Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mo rí yín, ẹ má fi aṣọ oníaṣọ bo ẹnu. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín tó bá jẹ́ ìyá ẹlòmíràn ni.

Ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni ò pa mí lẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kan náà, ìṣẹ́jú kan náà, lábẹ́ ti àbúrò ẹ̀ gan-an, "Mo sùn jù." "Mi ò rí ìbọ̀sẹ̀ mi." "Inú ń run mí." "Mo gbàgbé ìwé mi, mo padà lọ mú un." Irọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ ni gbogbo ẹ̀ pátá. Ọmọ tó jẹ́ pé láti ìrọ̀lẹ́ ló ti ń ki ìbọ̀sẹ̀ bọ inú bàtà. Bí mo ṣe ń kà á ni mò ń rí i: aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn méjèèjì ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, báàgì ti wà lẹ́yìn wọn, Ìyá Kékeré ti gbé ìgò omi mi dání dè mí, èmi wà nínú yàrá, yẹtí kan létí, mò ń ké, ẹ jẹ́ ká máa lọ, ṣé ẹ ò rí i pé ilẹ̀ ti mọ́ ni. Ta ni mò ń pariwo mọ́? Ara mi ni, orúkọ wọn ni mo kàn ń pè sí i.

Ẹ dúró, kò tíì tán. Mo ṣí ewé kejì, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. "Mi ò rí ìbọ̀sẹ̀ mi," lábẹ́ "Mi ò rí ìbọ̀sẹ̀ mi" ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rin nínú ilé kan, kò sí èyí tó rí ìbọ̀sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti pè é sí kọ̀rọ̀ kan, ó ti kọ́ ọ, ó ti ní kó má dójú ti Màmá mọ́. Ọmọ tí kì í purọ́, ọmọ tí òótọ́ ẹnu ẹ̀ máa ń kó wa sí wàhálà lójú àlejò, èmi ni mo sọ ọ́ di òpùrọ́, lórí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ sì mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ́jú eyín ni mo jókòó sí, èmi ni mò ń sọ fún àgbàlagbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wú pé, ẹ má bínú, àsìkò yín ti kọjá, ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀. Mi ò pẹ́ débẹ̀ rí. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣí, báwo ni mo ṣe fẹ́ pẹ́? Àwọn ọmọ ló ń bá mi pẹ́.

Èyí tí mi ò tíì sọ fún yín rèé, ẹ má wò mí tí mo bá ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, tó ti ilé ìwé dé, tó ká aṣọ pupa yẹn mọ́wọ́, orí àtẹ̀gùn ló ti bá mi, ó ní wọ́n ti gba agogo. Mo pariwo lé e lórí. Mo ní ọ̀lẹ, mo ní ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ fà á, mo ní ṣé kí n máa pọ̀n ẹ́ lọ sílé ìwé ni. Ìyá àgbà ìsàlẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó ní pẹ̀lẹ́ o, àwọn ọmọ yìí ń fìyà jẹ ẹ́, mo ní ẹ bá mi rí i, mà. Ọmọ yẹn gbójú sókè, ó wò mí. Ó mọ̀. Ó mọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn láti òkè délẹ̀, gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá, mi ò ní pẹ́ mọ́."

Ojú ń tì mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ojú ọmọ mi ń tì mí.

Ẹ má ní kò tó nǹkan. Ẹ̀yin gan-an lẹ fà á, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí àwa náà ń lọ sílé ìwé, tí màá ti dé ìkóríta tán kí n tó ní mo gbàgbé ríbọ́ọ̀nù, tí ẹ máa padà bá mi lọ? Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún ìyá wa pé ẹ̀yin lẹ dá mi dúró. Ẹ̀yin ni wọ́n ń nà. Èmi á dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, màá máa ka ẹgba. Ẹ̀ bá ti jẹ́ kí wọ́n nà mí lẹ́ẹ̀kan péré, bóyá ì bá ti tán lára mi. Mi ò bẹ̀ yín rí lórí ẹ̀, láti ọgbọ̀n ọdún. Ẹ má bínú. Ẹ̀yin lọmọ yẹn jọ, kò jọ mí.

Ọ̀gá ilé ìwé padà wọlé. Mo yá bírò lọ́wọ́ ẹ̀, mo kọ orúkọ tèmi sábẹ́ ti àwọn ọmọ, mo kọ aago. Ìgbà tó kan ibi tí wọ́n ti ń kọ ohun tó fà á, ọwọ́ mi ò lọ mọ́. Mo fi í sílẹ̀ lófìfo. Obìnrin náà rí i. Ó ní tí ọmọ náà bá lè fi odidi ọ̀sẹ̀ méjì dé kí agogo tó dún, láìyẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n á dá agogo ẹ̀ padà fún un. Tó bá fi lè pẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tán nìyẹn. Ọ̀la ló bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo bá wá rèé. Títì ńlá tí wọn ò lè dá sọdá yẹn nìkan ló ń mú kí wọ́n máa dúró dè mí, ẹ̀yin lẹ sì wà létí ẹ̀ níbí. Láago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́la, àwọn méjèèjì á sọ̀ kalẹ̀ wá bá yín. Ẹ mú wọn sọdá. Tí ẹ bá rí mi lókèèrè tí mò ń sáré bọ̀, tí mò ń juwọ́, tí bàtà kan wà lọ́wọ́ mi, ẹ kọ̀yìn sí mi. Tí Ìyá Kékeré bá ní òun fẹ́ dúró de Màmá, ẹ fà á lọ́wọ́. Á fẹ́ dúró, mo mọ̀ ọ́n, ẹ má gbọ́ ọ. Aṣọ pupa náà rèé, etí ẹ̀ ti ń tú, ẹ bá mi ká a kẹ́ ẹ rán an. Lọ́jọ́ tí agogo yẹn bá tún dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó dákẹ́, tó tún dún lẹ́ẹ̀kan, kó bá mi nínú ilé, kó bá mi níbi tí mo ti ń tú báàgì, mo fara mọ́ ọn.

Aago mélòó ló lù? Háà, mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ dìde díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wo abẹ́ aṣọ yẹn, ibì kan níbí ni mo gbé kọ́kọ́rọ́ mi sí. Ẹ rẹ́rìn-ín bó ṣe wù yín. Ẹ ṣáà má dúró dè mí lọ́la.