Ìwé Tí Mo Kà fún Ìyá Hameed

Nígbà tí mo hu ìwà tí mo fẹ́ kọ yìí, Ọláṣùpọ̀ ọkọ mi ṣì wà láyé, ó ṣì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Olodi-Apapa pẹ̀lú rédíò rẹ̀. Tíṣà Ephraim wà láyé. Mujeedat, ìyá Hameed, wà láyé, ó ń ta èédú ní ọjà Boundary. Gbogbo wọn ti lọ. Ó ku èmi Ìbíjọkẹ́, Ìyá Tẹjú, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì ti wú, mo mọ ibi tí mò ń lọ. N kò ní gbé òtítọ́ yìí wọ sàréè. Hameed, ìwọ ni mo ń kọ ọ́ sí. Ẹ̀yin ọmọ tèmi náà, ẹ kà á. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, ẹ má wo bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe wọ́.

Kíláàsì àgbà, níbi tí àwa àgbàlagbà ti ń kọ́ ìwé àti Gẹ̀ẹ́sì, ló pa èmi àti Mujeedat pọ̀. Tíṣà Ephraim máa ń so wá pọ̀ ní méjìméjì: ẹni tí ojú rẹ̀ bá dá á máa kàwé fún ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ìyẹn náà á sì máa rán an létí ohun tí Tíṣà sọ. Ìwé yòówù kó dé, ti ilé tàbí ti kíláàsì, ẹnìkejì rẹ ni ó gbọ́dọ̀ kà á fún ọ. Òfin ni. Ojú Mujeedat kò ríran dáadáa mọ́ nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi mí ṣe ojú fún un.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sójú pátákó: take. Ó ní oṣù kan gbáko ni a ó fi kọ́ ọ, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju ti ìyàwó ilé lọ. Take medicine, o lo oògùn nìyẹn. Take bath, o wẹ̀. Take picture, o ya fọ́tò. Take after, ọmọ jọ bàbá rẹ̀. Mujeedat pariwo látẹ̀yìn: "Ẹ jọ̀ọ́ Tíṣà, ṣé ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀? Ahun mà ni àwọn òyìnbó yìí o! Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n fi ń lo oògùn, òun ni wọ́n fi ń wẹ̀, òun náà ni wọ́n tún fi ń jọ bàbá wọn!" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín títí Tíṣà fi jókòó.

Nígbà tí oṣù náà parí, Tíṣà ní kí oníkálukú dìde, kó ka gbogbo iṣẹ́ tí take ń ṣe. Èmi tí mo ti ń ka ìwé mi lójoojúmọ́, mo ka mẹ́sàn-án, n kò rántí òmíràn mọ́. Mujeedat dìde, kò mú ìwé kankan lọ́wọ́, ó ka mọ́kàndínlógún. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ló bá yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ lójú, èmi ni mo létí." Eré ló ń ṣe. Mo mọ̀ pé eré ni. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ó dùn mí dé egungun. Àgbà mà ni mí nígbà yẹn o, mo ti ní ọmọ-ọmọ, inú mi sì dúdú bí ìdí ìkòkò.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ìwé dé. Àwọn dókítà ojú kan tí ń tọ́jú ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ti yẹ ojú Mujeedat wò tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní nǹkan ń tẹ ẹyin ojú rẹ̀ láti inú, bí wọn kò bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ìríran rẹ̀ á lọ pátápátá. Wọ́n ní kó máa retí ìwé. Hameed, ìwọ wà lójú òkun nígbà yẹn. Ìyá rẹ fi ọwọ́ èédú gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́ níwájú ìsọ̀ rẹ̀. "Ẹ bá mi wò ó, Ìyá Tẹjú. Ṣé ó ti kàn mí?"

Mo kà á. Gbogbo rẹ̀ ló yé mi, ìyẹn ni n kò fi ní àwáwí. Ká ní n kò gbọ́ ọ ni, ǹ bá ní àìmọ̀kan ni. Take this letter to the hall on Tuesday. Take no food that morning. Take somebody along. Take mẹ́ta, mo mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ: kó mú ìwé náà lọ sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó má jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó mú ẹnì kan dání. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé: bí obìnrin yìí bá tún ríran, kí ló kù tí èmi fi jù ú lọ? Mo ká ìwé náà. Mo ní, "Kò tíì kàn ọ́ o. Wọ́n ní kí o máa bọ̀ lẹ́yìn Iléyá."

"Alihamudulilahi," ni ó wí. "Ọlọ́run á dá ojú yín sí fún mi."

Mo lè yí i padà. Ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo ra àkàrà gbígbóná, mo gbé e lọ fún un ní Boundary, kó má baà sí ààyè àtisáré lọ bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ là á lójú sí i. Mo dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ó ń súre fún mi bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ìwé náà, mo ti fi dáná.

Lẹ́yìn Iléyá, mo mú un lọ́wọ́ lọ sí gbọ̀ngàn náà. Mo bá a lọ, èmi ìkà! Monday tó ń ṣọ́ ẹnu géètì ní, "Mama, dem don go since. Una no see paper?" Mujeedat yíjú sọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Irọ́ ló ń pa, wọn kò fẹ́ tọ́jú tálákà ni." Kí ọdún tó yí po, kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru.

Ó gbé ọdún mẹ́ta nínú òkùnkùn yẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, èmi ni mo ń mú un sọdá Malu Road lọ sí mọ́ṣáláṣí, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má jẹ́ kí ẹni tí ẹ ṣe níbi máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Oró ni. Ọpẹ́ yẹn sú mi débi pé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo ránṣẹ́ pé ara mi kò yá. Ara mi yá. Orí àga ni mo jókòó sí.

Ó dá lọ. Gafar tó ń lẹ táyà ní Malu Road ló sáré wá sọ fún mi pé tírélà kan ló ń fi ẹ̀yìn rìn jáde láti ìsọ̀ mẹkáníìkì, pé gbogbo ènìyàn ń pariwo, "Màmá, ẹ dúró!" ó sì dúró lóòótọ́, síbi tí kò yẹ kó dúró, lẹ́yìn tírélà náà gan-an. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Hameed, ìwọ tí o ti ti ojú òkun dé nígbà náà lo gbé àga wá, o ní kí n bọ́ síwájú láàárín àwọn ẹbí, pé kò sí ẹni tó tọ́jú ìyá rẹ tó mi. Mo sì jókòó.