Èmi Ni Mo Sáré Lórí Yìnyín, Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó Mi Ni Wọ́n Pè Ní Àjẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Láti ìgbà tí yìnyín ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ní Berlin níbí ni mi ò ti lè jókòó sójú kan. Màá dìde, màá lọ sójú fèrèsé, màá tún padà wá jókòó. Ìyàwó mi ní kí ló ń ṣe mí. Mo ní kò sí. Irọ́ ni. Ó wà.

Mo ní píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan nígbà òtútù tó kọjá, èyí tó ní fóò-wíìlì. Èèyàn máa fa jíà kékeré kan kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó lè jọ ṣiṣẹ́. Ní Märkisches Viertel tí à ń gbé, tí yìnyín bá bo ilẹ̀, tí táyà àwọn aládùúgbò bá ń yí lórí asán, èmi ni wọ́n máa ń pè pé kí n wá fà wọ́n jáde. Orí mi á wú. Mo rò pé kò sí ohun tí yìnyín lè fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹ wo agọ̀ èèyàn!

Àǹtí Bísí ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Hamburg ló ń gbé. Èmi àti ìyàwó mi fi píkọ́ọ̀pù yẹn gbé fíríìjì àti kọ́bọ́ọ̀dù lọ fún un. Nígbà tí a já ẹrù tán, yìnyín ti ń bọ́ gan-an. Àǹtí ní ká sùn. Mo ní rárá, mo níṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó tẹ̀lé wa dé ìdí ọkọ̀, ó di ilẹ̀kùn mú, ó ní, "Bàbá Dámi, ẹ rọra o. Tí ẹ bá sáré nínú yìnyín yìí, ẹ máa kábàámọ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àǹtí, fóò-wíìlì ni o!"

A bọ́ sórí Autobahn, ọ̀nà márosẹ̀ wọn níbí. Ìyàwó mi ti sùn lọ. Àwọn mọ́tò tó kù tò tẹ̀lé ara wọn lápá ọ̀tún, wọ́n ń rìn bí ẹni tó ń sin òkú. Ó sú mi. Mo ya sápá òsì, níbi tí wọn ò tíì kó yìnyín kúrò, mo ń ya gbogbo wọn sílẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ geere. Mo tiẹ̀ ń kọrin.

Àfi bí iná ẹ̀yìn mọ́tò kan ṣe pọ́n níwájú mi. Mo tẹ bíréèkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń wa irú ọkọ̀ yìí, fóò-wíìlì máa ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́ láti gbéra ni, kì í ràn án lọ́wọ́ láti dúró. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ṣófo, ó fúyẹ́, ló bá yọ̀ lọ. A yí po, a lọ gbá irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Apá ọ̀dọ̀ ìyàwó mi ló gbá a. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.

Ọlọ́pàá sọ ọ́ lójú mi pé eré ni mo sá. Wọ́n ti gbé ìyàwó mi sínú áńbúláǹsì nígbà yẹn. Kò gbọ́.

Ní ìjọ tiwa, tí Ọlọ́run bá yọ èèyàn nínú jàǹbá, dandan ni kó jáde wá jẹ́rìí. Wọ́n fún mi ní máíìkì. Ìyàwó mi wà níwájú, P.O.P. wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ojú wà lára mi. Ta ló máa dúró níbẹ̀ kó ní eré lòun sá? Mo ní jẹ́jẹ́ ni mò ń lọ, mo sì ti fa jíà fóò-wíìlì, àfi bíi pé ẹnì kan ti ọkọ̀ lẹ́yìn. Ìjọ pariwo "Hù!" Wòlíì bi mí pé ta la bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ká tó gbéra. Mo ní Àǹtí Bísí ni. Ó ní kí ló sọ. Mo ní, "Ó ní a máa kábàámọ̀."

Ìyẹn nìkan ni mo sọ. Mo gbé "tí ẹ bá sáré" mì. Mi ò pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́ o, Ọlọ́run ń gbọ́ mi. Àwọn tó kù ló pè é, èmi kàn dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni ìyàtọ̀?

Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó mi ò ti gbé fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n dàgbà. Ọ̀rọ̀ dé etí àwọn ará ìjọ tó wà ní Hamburg, wọ́n ní Àǹtí kò gbọdọ̀ bá wọn dáná oúnjẹ ìjọ mọ́. Ìyàwó mi ṣì ń tiro. Tí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní kọ́rídọ̀, màá sáré lọ mú róòbù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àǹtí pe fóònù mi. Mo ní kí Dámi, ọmọ mi obìnrin, kí i. Ọmọ fà sẹ́yìn, ó ní, "Nein, Papa. Sie ist eine Hexe." Àjẹ́ ló ń pè é. Àǹtí gbọ́ ọ ketekete. Mo rò pé ó máa ṣẹ́ èpè. Ẹkún ló bú sí. Ó ní, "Bàbá Dámi, mo ti gbààwẹ̀ títí. Bóyá nǹkan kan wà lára mi tí èmi alára ò mọ̀. Bóyá ẹnu mi ló burú. Ẹ bá mi bẹ àbúrò mi. Ẹ̀yin náà, ẹ dárí jì mí."

Èmi ló ń bẹ̀ o! Yéè! Mo ní, "Àǹtí, ẹ má sunkún mọ́."

Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, kí òun wá jẹ́wọ́ níwájú ìjọ wa, kí Wòlíì gba àdúrà ìtúsílẹ̀ fún òun. Ó ní kí n wá pàdé òun ní Hauptbahnhof, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá tó wà níbí. Mo ní màá wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Tí mo bá la ẹnu, ìyàwó mi máa mọ̀ pé ọwọ́ tó ń fi róòbù pa òun lẹ́sẹ̀ lálaalẹ́ ló ṣẹ́ ẹsẹ̀ náà. Ó lè kó jáde, mi ò sì ní lè dá a dúró. Tí mo bá dákẹ́, obìnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú gbogbo ayé pé àjẹ́ lòun. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni mo ṣẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún?