Ta Ló Ní Kí Ẹ Bá Mi Bẹ̀ Wọ́n?

Ta ló rán yín, Bàbá Tíṣà? Mo ní ta ló rán yín? Rárá, ẹ má sọ pé kí n jókòó, mo ti jókòó sú, kò tún sí iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ mi ju ìjókòó lọ, jẹ́léósinmi mi ti wà ní títì, wọ́n lẹ ìwé pupa mọ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀ bí ẹni pé àìsàn tó ń ràn ló wà nínú ilé. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ fi ipò ọ̀gá ilé-ìwé fẹ̀yìn tì, ẹ wọ aṣọ òde, ẹ dé fìlà, ẹ lọ bá àwọn tó fi ẹ̀sùn èké kàn mí ní ọ́fíìsì wọn, ẹ ní kí wọ́n foríjì mí. Kí wọ́n foríjì mí kí ni?

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí ó jọ pé nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, bàtà lẹ ti ń wọ̀. Obìnrin tí ìjọba rán wá ṣe àyẹ̀wò, ìrọ̀lẹ́ ló dé, àsìkò tí àwọn ìyá ń wá gbé ọmọ wọn. Àsìkò yẹn gan-an! Ìyá ọmọ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ti mú àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ náà dání láti ilé-ìwé, ìyàwó awakọ̀ kan sì mú tirẹ̀ dání, gbogbo wọn wá jókòó sórí àga kéékèèké wa, orúnkún wọn kan àgbọ̀n, wọ́n ń dúró kí ìyá wọn ṣe tán. Obìnrin yìí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ìka, ó ń kà wọ́n. Ẹnikẹ́ni tí kò bá ti ga dé èjìká rẹ̀, ọmọ jẹ́léósinmi ni. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn wọ̀nyí kì í ṣe tiwa o, àbúrò wọn ni wọ́n wá mú.” Ó ní ohun tí òun rí lòun rí. Bàbá Tíṣà, ọ̀kan nínú àwọn tó kà ti ń hu irùngbọ̀n! Irùngbọ̀n! Ó wá kọ ọ́ pé mo kó ọmọ jọ ju bí yàrá ṣe lè gbà lọ. Yàrá wo ló fẹ́ gba ọmọ, tó tún gba ẹ̀gbọ́n ọmọ, tó tún gba ìyá ọmọ, tó wá gba òun náà pẹ̀lú báàgì rẹ̀?

Ìwé dé. Ìwé yẹn fúnra rẹ̀ sọ pé mo láǹfààní láti wá fèsì níwájú ìgbìmọ̀ wọn, pé mo sì lè mú lọ́yà dání. Àwọn ọ̀tá mi ló sọ bẹ́ẹ̀! Mo mú un wá síbí, mo dúró níwájú àga yìí, mo ní, “Bàbá, mo fẹ́ wá lọ́yà.” Kí lẹ sọ? Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, “Lọ́yà ti kí ni? Ta lo gún lọ́bẹ? Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì nìyí, ẹnu la fi ń parí ẹ̀.” Ẹ sọ ọ́ o, ẹ má wojú mi bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ máa gbọ́ ọ nìyí.

Ilẹ̀ mọ́, ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ gbọ̀nà ọ́fíìsì lọ. Wọ́n fún yín ní àga, wọ́n fún yín ní omi tútù, ẹ mu ún, ẹ dúpẹ́, ẹ wá lanu. Ẹ ní, “Ẹ ṣàánú, ọmọdé ló ń ṣe é, kò ní kó wọn jọ tó bẹ́ẹ̀ mọ́.” Kò ní kó wọn jọ tó bẹ́ẹ̀ mọ́! Ìgbà wo ni mo kó wọn jọ, Bàbá? Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ ni akọ̀wé ń kọ ọ́, ẹ rò pé iṣẹ́ tiẹ̀ ló ń ṣe. Iṣẹ́ tiẹ̀ náà ni! Wọ́n sìn yín dé ibi àtẹ̀gùn, ẹ wọlé, ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ó ti parí.

Ó parí lóòótọ́. Wọ́n ní kò sídìí fún ìjókòó ìgbìmọ̀ kankan mọ́, nígbà tí àwọn ẹbí mi ti fẹnu ara wọn gbà pé mo jẹ̀bi. Wọ́n gba láìsẹ́ńsì mi.

Ẹ wá mú ọ̀rẹ́ yín lọ́yà wá. Èèyàn dáadáa ni o. Bí ẹnì kan bá ta ilẹ̀ kan ṣoṣo fún èèyàn mẹ́ta, òun gan-an ni kí wọ́n pè. Ó bi mí pé ta ni jẹ́léósinmi mi bá pààlà. Mo sọ fún un. Ó mi orí. Ó ní ká gba kọ́ọ̀tù lọ tààrà, ká pe ìjọba lẹ́jọ́, kí wọ́n mọ̀ pé a bí wa dáadáa. Díẹ̀ ló kù kí n tẹ̀ lé e.

Nọ́ọ̀sì yẹn ló gbà mí. Wọ́n ti fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan níbi iṣẹ́ tiẹ̀ rí, lọ́yà obìnrin kan tó jẹ́ pé àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba nìkan ló ń bá fà á ló yọ ọ́. Mo wá a lọ, òkè ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni yàrá rẹ̀ wà, ẹ̀rọ ìránṣọ ń ró lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Kò bi mí lórúkọ. Ó ní, “Ọjọ́ wo ni ìwé tí wọ́n fi gba láìsẹ́ńsì dé ọwọ́ rẹ?” Torí pé ọjọ́ yẹn ni àkókò tí wọ́n fún wa láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Èmi náà bi í bóyá ó ti dúró níwájú àwọn ìgbìmọ̀ yìí rí. Ó ka ẹjọ́ tó ti jàre fún mi, ó sì ka èyí tó pàdánù, kí n tó béèrè ìyẹn. Ó ní tí a bá sáré lọ kọ́ọ̀tù, adájọ́ máa bi wá pé ṣé a ti lọ síwájú ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn tí òfin ní ká kọ́kọ́ lọ, á sì dá wa padà, àsìkò á ti kọjá. Ó ní ọjọ́ tí ìwé àkọ́kọ́ dé ló yẹ kí n ti wá, kí ẹnikẹ́ni tó fèsì, kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

Ó wá bi mí pé ta ni bàbá tí ìwé wọn sọ pé ó wá bẹ̀bẹ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, “Gbogbo yín lẹ máa ń ní ọ̀kan.”

Mi ò sọ pé ẹ kórìíra mi. Mo mọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ bẹ awakọ̀ tó gbá kẹ̀kẹ́ yín dànù, ẹ ní kó má bínú pé ẹ wà lójú ọ̀nà. Nílé wa, ẹni tó ṣẹ̀ wá là ń bẹ̀, kí ìjà lè tán, kí oúnjẹ lè wọ ọ̀fun. Kò burú, nílé. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ lọ yẹn, ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ ti jẹ̀bi. Nọ́ọ̀sì ń fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún aládùúgbò tí kò ríran dáadáa kó tó lọ tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ń wojú mi. Ọjọ́ Ẹtì ni àsìkò wa parí; bí ó bá fi kọjá tí a ò tíì pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa tún fi ọmọ lé mi lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun tí mo bá wá. Ẹ máa bá mi lọ búra sínú ìwé tí lọ́yà obìnrin yẹn máa gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀. Lónìí. Ẹ máa sọ pé mi ò rán yín. Pé ẹ ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ àyẹ̀wò, pé ẹ ò dé jẹ́léósinmi mi rí láti ọjọ́ tí mo ti ṣí i, òótọ́ sì ni, mi ò gbàgbé. Pé ẹ ò mọ iye ọmọ tó wà níbẹ̀. Pé ẹ kàn bẹ̀bẹ̀ ni.

Ẹ ní kí ni? Ojú á tì yín? Èmi ńkọ́, tí mò ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí àwọn ìyá ọmọ má baà rí mi? Ẹnikẹ́ni ò ní pè yín ní òpùrọ́. Bí wọ́n bá bi yín pé kí ló dé tí ẹ fi bẹ̀bẹ̀, ẹ ní bí wọ́n ṣe tọ́ yín nìyẹn. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n tì yín mọ́lé fún ìyẹn.

Bàbá. Bàbá Tíṣà, kí lẹ̀ ń ṣe? Ẹ ń ṣí fìlà? Ẹ fẹ́ kúnlẹ̀? Ẹ dìde! Ẹ dìde ńbẹ̀, ẹ má fi mí gba èpè! Ẹ̀bẹ̀ náà tún nìyẹn! Ẹ dé fìlà yín, ẹ wá bàtà yín, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń búra kì í pẹ́ tì. Tí a bá sì débẹ̀, ohun tí wọ́n bá bi yín nìkan ni kí ẹ dáhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni.