Iná Àwọ̀ Ewé Tí Mo Kọ́ Ní Irọ́ Pípa

Mo gé pákó kan tó gùn tó apá mi, mo fá a títí ó fi dán, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan swíìṣì mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ ni wọ́n. Mo fi wáyà so wọ́n pọ̀ láti orí èkínní dé orí ìkẹjọ, mo sì fi gílóòbù kékeré aláwọ̀ ewé sí òpin ìlà náà. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ó ní, "Ta ló gbé iṣẹ́ yìí wá?" Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbé e wá. Ó ní, "Kí ló wá wà fún?" Mo ní, "Ẹnu mi ni." Kò yé e nígbà náà. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́ta, ó ń rà níbẹ̀ bí ẹja tí wọ́n gbàgbé sínú fìríìjì tí kò níná, mo sì mọ̀ pé bí mo bá fi ẹnu lásán sọ ọ́, n ó fi àwáwí dì í bí ẹní di ẹrù. Pákó kò mọ àwáwí ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ kan pákó kí n tó la ẹnu. Ohun tí mo ti fi ẹnu sọ fún àwọn tí mo ṣẹ̀ ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà tún un sọ fún yín ju bó ṣe rí lọ, tàbí kó dín in kù nítorí àánú mi.

Elisha Akíndélé ni orúkọ mi, ọmọ Iléṣà. N kò kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá kankan. Jẹnẹrétọ̀ bàbá mi ló kú, tí kò sówó àtúnṣe, ni mo bá tú u palẹ̀ sórí ẹní, mo ń tò ó, mo ń tú u, títí ó fi sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ohunkóhun tó bá ń yí ti máa ń fa ojú mi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí Ọgbà Ìgbafẹ́ Òkè-Ayọ̀ lójú ọ̀nà Ikeji-Arakeji, pẹ̀lú ilé ìsùn, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ àti àwọn ẹ̀rọ ìṣeré, èmi ni wọ́n gbà láti máa tọ́jú ẹ̀rọ. Ọ̀gbẹ́ni Ògúndélé, máníjà ọgbà, kò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ mi. Ó wo ọwọ́ mi tó kún fún gírísì, ó ní, "Injiníà, káàbọ̀." Ẹ má fi orúkọ yẹn ṣeré. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi ju owó oṣù lọ, òun ló sì mú mi dé ibi tí mo dé.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo rí Àwòdì. Bí a ṣe ń pe ẹ̀rọ náà nìyẹn: òpó ńlá kan láàárín, apá mẹ́jọ tó nà jáde bí ìyẹ́, àga kan lórí apá kọ̀ọ̀kan. Bí òpó bá ń yí, àwọn apá á máa gòkè, àwọn tó jókòó á máa fò lójú afẹ́fẹ́. Irin kan wà tí a ń fà wálẹ̀ sórí itan ẹni tó bá jókòó, ìkọ́ kan ló sì ń gbá a mú. Abẹ́ ìkọ́ yẹn ni swíìṣì wà, kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Bí irin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá ti kọ́ dáadáa, iná àwọ̀ ewé á tàn lórí àpótí níwájú ẹni tó ń darí ẹ̀rọ. Iná náà kì í dá ẹ̀rọ dúró o. Ó kàn ń sọ òótọ́ fún ẹni tí yóò tẹ bọ́tìnì ni. Mo jókòó tì í láti àárọ̀ di ọ̀sán, inú mi ń dùn bíi ti ọmọ tó rí ìyá rẹ̀.

Phebe ni ẹni tí yóò máa tẹ bọ́tìnì. Òun náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Mọ́ńdè yẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la ń lọ. Bàbá rẹ̀ ń gbin obì ní abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà. Nígbà tí a ń fi àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà dánra wò, mo ṣàkíyèsí pé bí Phebe bá ti irin kọ̀ọ̀kan tán, á tún di í mú, á mì í lẹ́ẹ̀mejì, kó tó bọ́ sí orí àga tó kàn. Mo bi í léèrè. Ó rẹ́rìn-ín. "Bọ̀ọ̀dá Elisha, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé nìyẹn. Bàbá mi máa ń sọ pé ilẹ̀kùn àká tí onílé kò bá mì, òkété ni yóò bá a mì ín."

Ògúndélé dé ní Wẹ́sídeè, ó dúró wò wá. Ó ní, "Arábìnrin, ṣé ò ń tì wọ́n ni àbí ò ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́? Ẹni tó bá wà ní ìdí ìlà á ti lọ sílé, á sùn, á jí." Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi: "Injiníà, wá nǹkan ṣe sí i." Ni mo bá pe Phebe sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, mo fi tayọ̀tayọ̀ ṣàlàyé fún un. Mo ní àwọn swíìṣì wọ̀nyí dà bí ìlà àwọn tó ń na garawa omi síra wọn níbi tí ilé ti ń jó. Bí ẹyọ ẹnìkan bá ká ọwọ́ kò, omi kò ní dé iwájú. Mo ní bó bá ti rí àwọ̀ ewé, kó tẹ bọ́tìnì rẹ̀, kó yéé mi irin kiri. Ó wo iná náà pẹ́. Ó ní, "Ṣé kì í parọ́?"

Mo ní, "Iná kì í parọ́, Phebe. Ènìyàn ní ń parọ́."

Òjò rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kejì rẹ̀. Nígbà tó di Fúráìdè, a ti gbogbo irin, iná kò tàn. Mo tọ wáyà lọ títí mo fi bá àìsàn náà lórí àga kẹfà: omi ti wọnú swíìṣì rẹ̀, ó ti dípẹtà. Kò sí irú rẹ̀ ní Iléṣà, kò sí ní Òṣogbo. Èkó ni wọn yóò ti fi ránṣẹ́, ó sì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo lọ sọ fún Ògúndélé pé iná Àwòdì kò tàn. Ó ní, "Ọ̀la la ń ṣí ọgbà. Olówó ọgbà ń bọ̀ fúnra rẹ̀, á sì máa nàka sí nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò fẹ́ mọ bó o ṣe máa ṣe é. Kó ṣáà tàn. Àbí Injiníà ẹnu lásán ni ọ́?"

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ wa mọ ohun tí mo ṣe. Mo dírẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí swíìṣì fìríìjì bá bàjẹ́, a óò gé wáyà kékeré, a óò fi so etí rẹ̀ méjèèjì, iná á kọjá bí ẹni pé swíìṣì náà ń ṣiṣẹ́, oníbàárà á sì máa dúpẹ́. Ojoojúmọ́ là ń ṣe é. Mo gé wáyà pupa kan tí kò gùn ju ìka lọ, mo fi so etí swíìṣì kẹfà. Láti ìgbà náà, ẹ ti irin kẹfà, ẹ ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ọ̀kan náà ni lójú iná. Ẹ wo bí ohun tó yẹ kí n ṣe ṣe rọrùn tó. Ǹ bá fi okùn di àga kẹfà kí ẹnikẹ́ni má jókòó níbẹ̀. Ǹ bá sọ fún Phebe pé, "Má wo iná lónìí, máa mi irin rẹ." Gbólóhùn kan péré. Ṣùgbọ́n bó bá ń mi irin níwájú olówó ọgbà, wọn á bi í pé kí ló dé, orúkọ tí wọ́n sọ mí á sì já. Mo ní n ó sọ fún un bó bá di àárọ̀. Ilẹ̀ mọ́, n kò sọ.

Èrò pọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Tọkọtaya kan wá láti Dàda Estate ní Òṣogbo, Awwal àti Fáìzàh, ìgbéyàwó wọn kò tíì pé oṣù méjì. Awwal ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀. Fáìzàh ń fà á lápá pé kí wọ́n jọ gun Àwòdì, Awwal ń sá. Fáìzàh ní, "Ẹ̀rù ń ba ọkọ mi." Awwal ní, "Àbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó ń yí níbẹ̀, kò mọ́ mi lára. Ìwọ lọ, n ó máa yà ọ́ ní fọ́tò." Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà lọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí àga kẹfà.

Phebe fa irin wálẹ̀. Etí ìbòrí Fáìzàh bọ́ sẹ́nu ìkọ́, irin náà sì dà bí èyí tó ti kọ́, kò kọ́. Láti ibi tí mo dúró sí, mo rí ọwọ́ Phebe tó padà lọ sórí irin yẹn láti mì í, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé. Ó dáwọ́ dúró, ó wo ojú mi. Èmi Elisha na ìka sí iná. Ó tàn bí ojú ológbò. Phebe yọ ọwọ́ rẹ̀, ó lọ tẹ bọ́tìnì.

Ẹ̀rọ ti gòkè dáadáa kí irin tó ṣí. Mi ò ní sọ bó ṣe já bọ́; ọkọ rẹ̀ ṣì ní fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́, ìyẹn tó. Orí kọnkéré ló fi ìdí balẹ̀ sí. Gbogbo ènìyàn sáré lọ bá Fáìzàh. Èmi sáré lọ bá wáyà. Mo yọ ọ́, mo tì í bọ àpò, kí wọ́n tó gbé Fáìzàh wọ ọkọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí ọgbà ti dá, mo yọ irú swíìṣì kan náà lára ọkọ̀ ojú irin ọmọdé tó wà nínú ọgbà, mo fi í rọ́pò èyí tó dípẹtà. Swíìṣì tí mo ní kò sí ní gbogbo ìpínlẹ̀! Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi látàárọ̀ Fúráìdè. Ìyẹn ì bá kàn dá ọkọ̀ ọmọdé dúró fún ọ̀sẹ̀ kan ni. Mi ò rántí rẹ̀ láti fi gba ẹlòmíràn là. Ìgbà tó kan ara mi ni mo rántí.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n ṣí irin, iná kò tàn. Wọ́n tì í, ó tàn. Wọ́n ní ẹ̀rọ kò jẹ̀bi. Phebe ń sọ ọ́ léraléra pé, "Àwọ̀ ewé ni mo rí, ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá Elisha wà níbẹ̀." Wọ́n bi mí. Mo ní, "Ibòmíràn ni mo ń wò." Wọ́n ti Phebe mọ́lé, nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n lé e kúrò níṣẹ́, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ yẹra. Fáìzàh kò kú, ṣùgbọ́n láti ìbàdí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀rọ.

Ẹ rò pé ibi tó burú jù nìyẹn. Ó kù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bàbá Phebe ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wo ẹ̀rọ ìfami òun ní abúlé. Phebe gbé omi wá fún mi. Ó ti rù. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wọlé, Phebe lóṣòó tì mí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin ni ẹ mọ ẹ̀rọ. Mo rí àwọ̀ ewé lọ́jọ́ yẹn. Ẹ sọ fún mi, kí lojú mi rí?" Ọlọ́run ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ fún mi, kò sí ẹlòmíràn nítòsí. Mo ń nu ọwọ́ mi, mo ní, "Oòrùn ọ̀sán ni. Bó bá kọlu gíláàsì, ó máa ń dà bí ẹni pé iná tàn." Ó ní, "Ojú mi ló tàn mí jẹ nígbà náà." Lẹ́yìn náà ló dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bọ̀ọ̀dá. Ó sàn kí n mọ̀." Ẹsẹ̀ ni mo gbà lọ́wọ́ Fáìzàh. Ojú tí Phebe fi ń ríran ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jẹ́ kó dúpẹ́.

Nínú ọdún yìí, lákòókò ẹ̀rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, Phebe dìde. Ó kúnlẹ̀, ó ní ọdún mẹ́ta lòun fi ń parọ́. Pé iná kò tàn, pé ìkánjú ló mú òun tẹ bọ́tìnì, pé òun fẹ́ lọ tọrọ àforíjì ní Òṣogbo. Ìjọ ṣe àmín. Èmi ni mo ń tọ́jú ẹ̀rọ gbohùngbohùn wa. Èmi ni mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ dé ẹ̀yìn pátápátá. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi, mo ti mọ ohun tí n ó ṣe; bí mo ṣe délé, mo gé pákó yẹn.

Mo bẹ pásítọ̀ wa, Phebe àti bàbá rẹ̀ pé kí a jọ lọ sí Dàda Estate. Fáìzàh wà lórí àga onítáyà, Awwal dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbé pákó lé orí tábìlì, mo ní, "Ohun tí mo ṣe sí àga kẹfà nìyí." Mo tẹ swíìṣì méje mọ́lẹ̀, mo fi ẹ̀kẹfà sílẹ̀. Iná kò tàn. Mo yọ wáyà pupa kúrò lápò, wáyà ọjọ́ náà gan-an, mo fi so etí swíìṣì kẹfà. Iná tàn. Fáìzàh ní, "Yọ ọ́." Mo yọ ọ́, ó kú. Ó ní, "Fi í padà." Ó tàn. Ó yíjú sí Phebe: "Ṣé bó ṣe tàn lójú rẹ nìyí?" Phebe sún mọ́ pákó náà. Ó ní, "Bó ṣe tàn gẹ́lẹ́ nìyí." Fáìzàh ní, "Òótọ́ lo rí, àbúrò mi." Ni Phebe bá fi ojú lé ilẹ̀, ó sunkún bí ẹni tí ẹrù ọ̀nà jíjìn bọ́ lórí rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Awwal sọ láti òkè orí mi pé, "Mi ò ní dárí jì ọ́ lónìí. Má sì bi mí lọ́la." Mo ní mo gbọ́, sà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ wáyà, mo mọ̀ pé ẹ óò dírẹ́ẹ̀tì nǹkan, nítorí oníbàárà ń kánjú, ọ̀gá sì ń pè yín ní orúkọ tó dùn. Bí ẹnìkan bá wà tó máa fi ẹ̀mí rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí nǹkan náà kú síbẹ̀. Kí wọ́n pè yín ní ọ̀lẹ. Bí ẹ bá sì rí ẹni tó ń mi ilẹ̀kùn wò, ẹ má kọ́ ọ ní ọgbọ́n míràn.

Láti Dàda Estate, àgọ́ ọlọ́pàá la gbà lọ. Ọ̀gá ibẹ̀ tẹ àwọn swíìṣì fúnra rẹ̀, ó yọ wáyà, ó fi í padà, ó ní, "Ó ṣiṣẹ́." Wọ́n gba pákó náà fún ilé ẹjọ́. Kò sí iṣẹ́ tí mo ṣe rí tó mọ́ tó o. Phebe fi í gba ojú rẹ̀ padà. Èmi, kí wọ́n tó gba onídùúró mi, yàrá àtìmọ́lé kan ni mo fi í gbà. Ọlọ́pàá tó tì mí mọ́ ibẹ̀ fa irin ilẹ̀kùn, ó kọ́ ọ, ó ti yí ẹ̀yìn padà kó tó rántí nǹkan. Ó padà wá, ó di irin náà mú, ó mì í lẹ́ẹ̀mejì.