Mo Fi Orúkọ Ààfáà Purọ́ fún Ọmọ Mi Nínú Ààwẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ mi dé òpin kí ẹ tó bú mi. Láti èṣí ni mo ti gbé e pamọ́ sínú. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ààwẹ̀ tún ti fẹ́ wọlé.

Ìsẹ́yìn ni mò ń gbé. Ọmọ mi obìnrin, Ṣẹrifat, ń ṣeré bọ́ọ̀lù agbọ̀n fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀ léṣìí, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Àbúrò ọkọ mi nìkan ló ń yínmú.

"Ìyàwó wa, iná koríko nìyẹn," ló ń wí níwájú àlejò. "Jẹ́ kí ààwẹ̀ dé, wàá rí i bí yóò ṣe kú."

Inú bí mi. Ó ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ọkùnrin tí kò ra bàtà fún un rí!

Ààwẹ̀ dé. Lọ́jọ́ kan, Ṣẹrifat ti ibi ìdánrawò dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín síwájú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Mo ní Ààfáà àdúgbò wa ti yọ̀nda fún un kó máa jẹun, kó san ààwẹ̀ náà padà tó bá yá, kó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, n kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ààfáà. Mo mọ̀ pé aláìsàn àti arìnrìn-àjò ni ìyọ̀nda wà fún. Ara rẹ̀ le, a kò sì lọ síbì kankan.

Ó ń jẹun, ó ń fò. Rukayat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà nínú ikọ̀, ń gba ààwẹ̀ tirẹ̀ lóòótọ́, ó sì ń rẹ̀ ẹ́. Ojú mi ni olùkọ́ wọn ṣe yọ ọ́ kúrò nínú ikọ̀.

"Ṣé Ṣẹrifat kò gbààwẹ̀ ni? Ọ̀lẹ ni ọ́!" ni olùkọ́ náà sọ fún Rukayat.

Ṣẹrifat la ẹnu. Mo tẹjú mọ́ ọn, ó pa á dé. Rukayat kò padà sídìí bọ́ọ̀lù mọ́.

Lọ́dún yìí, Ṣẹrifat tún ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Àbúrò ọkọ mi ló wá ń fọ́nnu báyìí: "Ọmọ wa! Ààwẹ̀ gan-an kò ká a lọ́wọ́ kò." Ó ń ṣe mí bíi kí n gbá a létí. Ṣùgbọ́n òun fi ẹnu lásán sọ pé ọmọ mi kò ní lè bá a dé òpin. Èmi ni mo gbà á gbọ́.

Lánàá, Ṣẹrifat ní, "Màámi, mo fẹ́ lọ bi Ààfáà fúnra mi lọ́jọ́ Jímọ̀ bóyá ìyọ̀nda yẹn ṣì wà. Tó bá wà, kí wọ́n yọ̀nda fún Rukayat náà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Nínú àwọn ọmọ méjèèjì yìí, ẹsẹ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ sí kí Jímọ̀ tó dé?